ÀYÈ ỌMỌ TÓ Ń BÀLÁGÀ NÍNÚ ILÉ WA

 

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èmi fẹ́ fi kún un pé ilé tí a kọ́ náà ń kọ́ ọmọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Terminus. Àga onítìmùtìmù ti pálọ̀ ni àwọn òbí sábà máa ń ní kí n kàn. Àlejò tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù níjòkòó. Ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń kàwé.

Nínú agbo ilé àwọn baba wa, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọbìnrin a sì wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. Nígboro, yàrá kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ wa ní. Ọmọ tí kò bá rí igun tirẹ̀ nílé yóò wá a lọ síta. Àwa tí a rí wàhálà Jos ní ọdún 2001, 2008 àti 2010 mọ ohun tó lè bá ọmọ tí ilẹ̀ ṣú bá lóde.

Kí la lè ṣe?

Èkíní, ẹ fi kọ́tìnì pín yàrá. Kí ọkùnrin àti obìnrin tó ń bàlágà má sùn pọ̀. Kí ọmọbìnrin ní ibi tí yóò ti pààrọ̀ aṣọ, àti àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká kan pákó mọ́ ògiri lẹ́bàá fèrèsé, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 75, kó sì ṣeé ká mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìwé kíkà. Tábìlì dé nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, òtútù. Jos ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, ẹ sì mọ ọyẹ́ wa. Búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn ni kí ẹ rà. Ẹ má gbé iná èédú wọ yàrá tí a ti pa. Afẹ́fẹ́ burúkú inú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé bá ọmọ. Ṣùgbọ́n igun tirẹ̀ kì í ṣe ibi ìfarapamọ́: tó bá di alẹ́, kí fóònù sùn ní pálọ̀.

Lákòótán, ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó ń fẹ́ kí ẹ tó pe káfíńtà.