Fóònù Tí Yóò Bá Ni Pẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ará Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀



Nígbà tí fóònù alágbèéká gbòde ní Nàìjíríà ní ọdún 2001, ohun ìyangàn ni. Lónìí, irinṣẹ́ ni: oníṣòwò ń fi í gba owó, akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í kàwé. Ó sì ti di àṣà nígbà kan pé bí irú tuntun bá ti jáde, ẹni tí apá rẹ̀ ká a yóò pààrọ̀ tirẹ̀.

Àṣà yìí ti ń rọlẹ̀, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Èkíní ni owó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Òkè òkun ni fóònù àti èròjà rẹ̀ sì ti ń wá. Èkejì ni pé fóònù ọdún yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èṣí. Òbí tí ó ní owó ilé-ìwé láti san yóò kọ́kọ́ san ti ọmọ.

Kí ni kí àwọn tí ń ṣe fóònù wá ṣe? Kí wọn bá oníbàárà tọ́jú èyí tí ó ní lọ́wọ́. Google ní ọdún 2023, àti Samsung ní ọdún 2024, ṣèlérí pé fún ọdún méje ni àwọn yóò máa fi àtúnṣe tí ń dènà olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sínú àwọn fóònù wọn kan. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí èròjà àtúnṣe fóònù tuntun wà fún ọdún méje lẹ́yìn tí títà irú rẹ̀ bá dópin. Ilé-iṣẹ́ Transsion, tí ó ni Tecno, Infinix àti itel, ní ilé àtúnṣe Carlcare ní Nàìjíríà. Irú èyí ni kí ó pọ̀ sí i, kí ojúlówó bátìrì má sì wọ́n jù.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ọdún mélòó ni àtúnṣe yóò fi máa wọlé? Ǹjẹ́ bátìrì rẹ̀ wà ní ọjà? Ta ni yóò tún un ṣe nítòsí? Ilé-iṣẹ́ tí ó bá rí èsì rere fún ìbéèrè wọ̀nyí kò ní pàdánù oníbàárà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.