Ìrántí Ìgbà Èwe: Ọ̀rọ̀ Tí Àgbà Katikíìsì Bá Àwọn Ọ̀dọ́ Ìjọ Sọ

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò rò pé ìtàn ìjọ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni èmi yóò kà. Ìtàn náà wà nínú ìwé àjọ̀dún tí ó wà ní ọwọ́ yín, ẹ ó sì kà á fún ara yín. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ní òní ni pé ó yẹ kí ọ̀dọ́ pẹ̀lú máa wo ẹ̀yìn, kí ó sì sọ ohun tí ó rí níbẹ̀ nígbà tí ẹni tí yóò gbọ́ ọ ṣì wà láàyè.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1837, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan kọ lẹ́tà láti Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró sí Àlùfáà William Jowett, tí í ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Samuel Àjàyí Crowther ni olùkọ́ náà. Ní ìgbà náà kò tíì di Àlùfáà, ká má tilẹ̀ sọ ti Bíṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìrántí ìgbà èwe rẹ̀ ni ó kọ sínú lẹ́tà náà, àti bí ó ti pàdánù gbogbo àwọn tí ó fẹ́ràn.

Ó kọ nípa Òṣogùn, ìlú tí a bí i sí, tí ó fojú dá pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó 12,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní òwúrọ̀ kan tí ojú ọ̀run mọ́ tí ó sì dára, olúkúlùkù wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ará ilé wọn sì ń pèsè oúnjẹ òwúrọ̀, nígbà tí ìró ogun dé ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Kò pẹ́ tí a fi yí ìlú náà ká. Baba rẹ̀ yọ sí wọn, ó ṣe àmì sí wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò rí i mọ́ títí láé. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé ogun pa á. A mú Àjàyí, ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, àti ìbátan wọn kan. A sì fi okùn so wọ́n ní ọrùn.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn gẹ́gẹ́ bí ìkógun. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ó tún ní àǹfààní láti wà nítòsí ìyá rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn èyí ni a tún yà wọ́n, tí a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn Potogí. Ní oṣù Épúrìlì, ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí a kó wọn sí.

Ọmọdékùnrin mẹ́fà, tí Àjàyí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni a jọ gbé lọ sínú ọkọ̀ ogun tí à ń pè ní Myrmidon. Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́, tí wọ́n sì rí ọta ìbọn ńlá tí a kó jọ, wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Inú ẹ̀rù kan náà ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa tí ọkọ̀ kan náà gbé dé Sàró, tí wọ́n sì ka ara wọn sí ọmọ ìyá láti ọjọ́ náà lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Júùnù, ọdún 1822, ni wọ́n gúnlẹ̀, a sì rán wọn lọ sí Bathurst. Níbẹ̀ ni ó ti bá ọmọbìnrin kan tí à ń pè ní Asano pàdé, tí a gbà là kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú bákan náà. Òun ni a sàmì fún ní Susan, tí ó sì di aya rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun méjì nínú lẹ́tà yìí. Èkínní ni pé ó pe ọjọ́ tí a kó wọn ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tí ó mú un dé ọ̀dọ̀ Olúwa. Kò jẹ́ kí ìbùkún pa ìbànújẹ́ rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ bo ìbùkún mọ́lẹ̀. Èkejì ni pé nígbà tí ó ń kọ ọ́, kò mọ̀ bí ìyá rẹ̀ wà láàyè tàbí ó ti kú.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1846, ìyá náà, Àfàlá, wá bá a ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí a ti yà wọ́n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ara ìyá náà ń gbọ̀n bí ó ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi kẹ́ ẹ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú. Ohùn rẹ̀ kò sí mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fi pe ọmọ kò kú. Ó wà ní ẹnu ìyá, ó sì wà ní ọkàn ọmọ. Ní ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó sì wà láàyè títí di ọdún 1883.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lè wí pé ìtàn ènìyàn ńlá ni èyí. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ènìyàn kékeré kan, tí èmi kò sọ ní gbangba rí.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, a mú mi láti abúlé wá sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ ní ilé mísọ̀n tí ó wà lẹ́yìn ìjọ yìí. Mo bá ọmọ kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ìsìn ìrántí àwọn olóògbé ní ọjọ́ Àìkú, nítorí náà èmi kì yóò pè é níhìn-ín. Ẹní kan ni àwa méjèèjì ń sùn lé, síléètì kan ni à ń kọ̀wé sí, a sì jọ ń pọn omi odò kí ilẹ̀ tó mọ́. Agogo ìjọ ni a fi lé wa lọ́wọ́, olúkúlùkù ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Nítorí pé ohùn mi tín-ín-rín nígbà tí a bá ń kọrin, ó sọ mí ní Agogo-kékeré. Kò sì sí ẹlòmíràn tí ó ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ibà mú un ní ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ní kí n sìn ín dé ilé ìyá rẹ̀ ní àdúgbò kejì. Ọ̀sẹ̀ mi ni láti lu agogo ìrọ̀lẹ́, èmi kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn lù ú. Mo sìn ín dé ìdí igi àràbà, mo ní kí ó máa lọ, mo sì sáré padà. Ní ọjọ́ kẹta a gbọ́ pé ó ti kú. Olùkọ́ ní kí n lu agogo, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lè fa okùn náà.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá rí ìyá rẹ̀ ní ọ̀nà ọjà, èmi a yà gba ọ̀nà mìíràn. Mo kúrò ní ìlú, mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́, mo sì padà wá gẹ́gẹ́ bí katikíìsì nígbà tí mo tó bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní òwúrọ̀ kan, bí mo ti ń kọjá níwájú ilé kan, mo gbọ́ tí ẹnìkan pè mí ní Agogo-kékeré. Ìyá náà ni, ó jókòó ti ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi ni ó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni òun ń pè ọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń retí kí o yà. Ohun tí ọmọ mi ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́, ìwọ nìkan ni o mọ̀ ọ́n. Jókòó, kí o sọ fún mi.”

Mo jókòó. Mo sọ ti síléètì, mo sọ ti odò, mo sọ bí ó ti máa ń sín olùkọ́ jẹ tí gbogbo wa á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ igi àràbà, ohùn mi fẹ́rẹ̀ má jáde. Mo wí pé, “Ìyá, èmi kò sìn ín dé ilé.” Kò dá mi lóhùn lórí rẹ̀. Ó bu omi fún mi mu, ó sì bi mí pé, “Orin wo ni ẹ̀ ń kọ kí ẹ tó pínyà?” Mo sọ orin náà fún un, a sì jọ kọ ọ́ níbẹ̀.

Ní gbogbo ogún ọdún náà, mo rò pé ìbànújẹ́ ni mo ń pa mọ́ kúrò lójú ìyá yìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ tí ó kù fún un ni mo ń pa mọ́. Ikú ti gba ọmọ náà ní ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdákẹ́jẹ́ mi sì tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Kò sí ọ̀dọ́ kan níhìn-ín tí kò ní ẹnìkan tí ó ti lọ. Nínú ìwé ìrìbọmi ìjọ wa, ìlà kan péré ni ó wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn; ikán sì ti jẹ nínú àwọn ìwé náà. Ìwé pẹ̀lú lè sọnù: ẹ rántí pé a fi ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1899, ó sì sọnù níbẹ̀. Olùkọ̀wé náà kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ni ìbá tún kọ?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Kí olúkúlùkù yín mú ìwé kan, kí ó kọ nípa ẹnìkan tí ó ti lọ: ọmọ ta ni, kí ni ẹ jọ ń ṣe, orúkọ wo ni ó ń pè ọ́? Ẹ kọ ọ́ ní ìlọ́po méjì, kí ẹ mú ọ̀kan wá sí ọ́fíìsì ìjọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú un wá, bí ìyá tàbí baba ẹni náà bá wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ lọ kà á sí wọn létí. Ẹ má ṣe dúró di ogún ọdún.

Kí Olúwa, tí kò gbàgbé orúkọ ẹnìkan, bùkún yín, kí ó sì pa ìjọ yìí mọ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àmín.