Ṣọ́ọ̀kì Iwájú Ọkọ̀

Ẹni tí ó bá ń fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kó ẹrù láti Àgbádárìgì lọ sí Èkó mọ ohun tí ọkọ̀ ti rí lójú ọ̀nà yẹn. Láti àwọn ọdún 1970 tí a ti là á, kòtò rẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì jẹ́.

Kí ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì? Sípíríǹgì ni ó ń gbé ọkọ̀ dúró. Bí táyà bá já sí kòtò, sípíríǹgì a máa sọ ọkọ̀ sókè sódò bí ọmọdé tí ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń sọ fún un pé ó tó. Òróró wà nínú rẹ̀, irin kan tí a dá ihò wẹ́wẹ́ sí sì ń lọ ń bọ̀ nínú òróró náà. Òróró kì í tètè gba ihò wọ̀nyí kọjá, nítorí náà ni ọkọ̀ fi ń rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Bí òróró bá jò tán, táyà a máa fò lórí títì, bíréèkì kò sì lè mú táyà tí kò kan ilẹ̀. Ẹ fi gbogbo ara tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Bí ó bá ń jó lọ ń jó bọ̀, ṣọ́ọ̀kì ti kú nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún mẹ́tàlá, fẹ́ pàrọ̀ tiwa lágbàlá. Iyanrìn ni ilẹ̀ wa ní etí òkun níbí. Mo gbé jáàkì lé iyanrìn, mo gbé ọkọ̀ sókè, mo yọ táyà. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ náà sì ra wọ abẹ́ ọkọ̀ láti mú un. Ìyá rẹ̀, tí ó ń bó àgbọn lẹ́nu ọ̀nà, rí i pé ọkọ̀ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kígbe pé, "Ọmọ mi, jáde níbẹ̀!" Bí ó ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde ni jáàkì rì, ọkọ̀ sì já lulẹ̀ gbì. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń tọ́jú ọmọ, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé kejì, pákó fífẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ jáàkì. Mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo gbé ẹsẹ̀ irin sábẹ́ férémù, lórí pákó tirẹ̀, mo sì tẹ́ táyà tí mo yọ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ má gbójú lé búlọ́ọ̀kù o. Ó lè fọ́ lójijì.

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ti mú nọ́ọ̀tì dípẹtà, nítorí náà mo ti da òróró sí i láti alẹ́. Nọ́ọ̀tì òkè ni ó ṣe agídí jù, nítorí pé ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ń bá a yí. Mo fi sípánà kan di ọ̀pá mú, mo fi èkejì tú nọ́ọ̀tì. Nígbà tí bóòtì ìsàlẹ̀ kúrò, ṣọ́ọ̀kì jáde. Mo gbé tuntun nàró, mo fà á, mo tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mélòó kan kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gòkè, kí n tó fi í sípò. Ọ̀tún àti òsì ni a pàrọ̀, nítorí pé ọ̀kan tuntun àti ọ̀kan ògbólógbòó kì í bá ara wọn ṣiṣẹ́.

Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dá dúró ni mo ń sọ, bíi Hilux àtijọ́. Bí sípíríǹgì bá yí i ká, bíi ti Peugeot 504 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ẹ má ṣe tú nọ́ọ̀tì àárín òkè rẹ̀ láé! Sípíríǹgì tí a ká mọ́ ibẹ̀ lè fò jáde kí ó sì pa ènìyàn. Ẹ gbé irú èyí lọ fún mẹkáníìkì tí ó ní irinṣẹ́ tí a fi ń fún un pọ̀.

A sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí a tó fún bóòtì ìsàlẹ̀ le, kí rọ́bà rẹ̀ má bàa lọ́. Ọmọ mi ni ó fún un. Ìyá rẹ̀ dúró tì wá títí a fi ṣe tán, lẹ́yìn náà ni a wa ọkọ̀ lọ sí Àjàrá lọ kó àgbọn.