Òkú Tí A Kò Kà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Tó Ń Pa Wá Ní Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ikú. Àwọn kan ti ní ọ̀rọ̀ burúkú ni, pé kí a wá nǹkan mìíràn sọ. Ẹ má bínú, a ó sọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó ń wá ìbò bá wá bá wa, a máa ń bi wọ́n léèrè ọ̀nà, iná àti omi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bi wọ́n rí pé: ènìyàn mélòó ló kú ní kómínì Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́dún tó kọjá, kí ló sì pa wọ́n? Bí a bá bi wọ́n, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Àwa náà ò sì mọ̀ ọ́n, nítorí pé a kì í ka òkú wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ayé. Ní ọdún 2021, nǹkan bí mílíọ̀nù 68 ènìyàn ló kú ní gbogbo ayé, gẹ́gẹ́ bí OMS, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe kà á. Àrùn ọkàn ló pa ènìyàn jù, nǹkan bí mílíọ̀nù 9. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó kú sábà máa ń jẹ́ arúgbó. Jẹjẹrẹ tàbí àrùn ọkàn ló sì máa ń mú un lọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ibà, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, ọmọ tó kú kí ó tó pé oṣù kan, ìyá tó kú lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ọmọdé pọ̀ jù nínú òkú wa.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ máa ń ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní EDS. Wọ́n á máa ti ilé dé ilé, wọ́n á bi àwọn obìnrin léèrè gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, èyí tó wà láàyè àti èyí tó ti kú. Ní ọdún 1996, nínú ọmọ 1000 tí a bí láàyè, 167 ló kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ní ọdún 2006, ó ti wá sí 125. Nínú ti ọdún 2017 sí 2018, ó jẹ́ 96. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Nàìjíríà lódìkejì Ọ̀pàrá, tiwọn ní ọdún 2018 jẹ́ 132. Ní ilẹ̀ Faransé, kò ju 4 tàbí 5 lọ. Nítorí náà a ti rìn díẹ̀, a ò purọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọ̀n ẹ̀fọn wà lára ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n 96 nínú 1000 túmọ̀ sí pé nínú ọmọ mẹ́wàá tí ẹ rí tó ń ṣeré lágbàlá yìí, bí ẹni pé ọ̀kan máa lọ ni.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. A fo ìwádìí kan. Ní ọdún 2011 sí 2012, wọ́n ṣe EDS kan, ó sì mú 70 jáde. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Ní ọdún 2014, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń pè ní MICS mú 115 jáde. Ṣé ikú ló já wọ ìlú láàárín ọdún méjì ni? Rárá o. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wò ó, wọ́n ní 70 yẹn ló kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ wọ̀nyẹn kú. Wọn ò kàn sí nínú ìwé ni.

A ò sì lè di gbogbo rẹ̀ ru akọ̀wé tó ń bèèrè. Ẹ wo bí àwa náà ṣe ń ṣe. Bí bàbá ẹni 80 ọdún bá kú, a ó lu ìlù, a ó ra aṣọ kan náà, a ó pe ará Pàràkú àti ará Kútọnu, gbogbo ìlú á mọ̀ pé òkú kú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ oṣù mẹ́fà bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. A ó sin ín kíákíá, a ó ní kí ìyá rẹ̀ má sunkún mọ́ kí ó lè tún bí òmíràn, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àṣà náà ní ìdí tirẹ̀, láti fi pa ìyá lára dà ni, a ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá wá pẹ̀lú bébà tó bèèrè pé, "Ọmọ mélòó lo bí?", ìyá á ka àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nípa ìwé ẹ̀rí ikú, àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì bá kú, ẹbí á sáré lọ gba ìwé, torí owó wà níbẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá kú lóko, tàbí ọmọ ọdún méjì, ta ló máa ná owó zémijàn lọ sí mérì torí ìwé? Bí ìwé bá wà fún òkú olówó oṣù nìkan, ẹni tó bá ń wò ó láti Kútọnu á rò pé arúgbó nìkan ló ń kú ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ibà. Òun ló ṣe olórí ohun tó ń gbé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà. OMS ní ní ọdún 2023, ibà pa ènìyàn 597 000 ní gbogbo ayé. Nínú 100, nǹkan bí 95 ló jẹ́ ti Áfíríkà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni kò sì tíì pé ọdún márùn-ún. Tí ibà bá wọ ọmọ lára gan-an, ẹ̀jẹ̀ á tán lára rẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, ojú rẹ̀ á yí, á máa gbọ̀n. A ó ní gìrì ni. Wọ́n á wá epo, wọ́n á wá àgbo, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ọmọ sún mọ́ iná. Ọjọ́ kan á lọ, ọjọ́ kejì á lọ. Ọ̀pọ̀ gìrì tí à ń sọ yẹn, ibà ló dé orí. Kò ní ọjọ́ méjì láti fún wa.

Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Ìgbà 4 ni ọmọ ń gbà á. Èyí tó kẹ́yìn ni ìyá máa ń gbàgbé, torí ọmọ ti ń rìn, ó ti ń jẹun. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bá wa pariwo rẹ̀ lọ́jà.

Ẹ rántí ìgbà Kòrónà. Gbogbo wa bo ẹnu, a ò bọ ara wa lọ́wọ́. Iye tí ìjọba kà pé ó kú ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 163. Ẹ rántí ọdún 2016 tí Lásà wọ Ṣawúrù, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, tí àwọn kan ò jẹ ẹran ìgbẹ́ mọ́. A ò ní kí ẹ má bẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n ibà ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó pe ìpàdé nítorí rẹ̀.

Ti àwọn ìyá ọmọ: EDS ọdún 2017 sí 2018 ní nínú ọmọ 100 000 tí a bí láàyè, ìyá 391 ló bá a lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tí kò dáwọ́ dúró ló ń ṣíwájú, ẹ̀jẹ̀ ríru oyún tẹ̀ lé e. Láti ọdún 2009 ni ìjọba ti ń san owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ, aboyún kì í san án. Kí ló wá ń pa wọ́n? Àkókò ni. Ọkọ ò sí nílé, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ẹ gbé e lọ. Wọ́n sọ ọ́ tán, kò sí ọkọ̀. Wọ́n rí ọkọ̀, òjò ti gé ọ̀nà. Wọ́n dé lópítà, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Èyí àkọ́kọ́ kò gba owó ìjọba kankan. Inú ilé wa ló wà. Àwọn tó kù, ẹ̀yin olóyè, ọ̀rọ̀ mérì ni, ọ̀rọ̀ ìbò sì ni.

Àwa àgbà náà ńkọ́? Nǹkan bí àgbàlagbà 1 nínú 4 ní Bẹ̀nẹ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí à ń pè ní tánsíọ̀nù. Kì í dunni. Ènìyàn á jí láàárọ̀, apá kan ò gbé mọ́, ẹnu wọ́. A ó ní wọ́n pè é ní àpèta. Ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọbàkan, ẹlẹ́bi á di àjẹ́, ilé á tú. A ti rí ilé tó tú bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

A ò ní pẹ́ lórí ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Kútọnu lọ Pàràkú, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ara wọn ní Idàáṣà, iná sọ, ó lé ní 20 ènìyàn tó kú. Ìyẹn, gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́ ọ. Ọmọ zémijàn tó kú lálẹ́ láìdé àṣíborí, ìyá rẹ̀ nìkan ló gbọ́.

Ohun tí ẹgbẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ìwé kan fún abúlé kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ olórí abúlé. Bí ẹnì kan bá kú, kí wọ́n kọ oṣù tó kú, iye ọdún rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, bóyá ilé ló kú sí, ojú ọ̀nà ni, tàbí lópítà. Bó bá jẹ́ obìnrin, ṣé ó lóyún, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Kí sì ni àwọn ará ilé rí kí ó tó kú: ara gbígbóná, ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru, ejò, ọkọ̀? Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fura sí o! Ìwé yìí kì í ṣe ìwé ẹjọ́. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, a ó kó o jọ, a ó fún mérì ní ẹ̀dà kan, ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ àwọn dọ́kítà, ọ̀kan á wà ní ààfin. Bí ó bá hàn pé ìyá mẹ́ta kú lójú ọ̀nà kan náà ní ìgbà òjò, nígbà náà ni a ó lè sọ fún olùwá-ìbò pé afárá ibí yìí gan-an ni à ń bèèrè, kò sì ní lè sọ pé ìlú mìíràn ló nílò rẹ̀ jù.

Àwọn ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí olórí abúlé kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ kí ó tó lọ, kí ó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó pe ọmọ ilé ìwé kan, ọmọ á kọ ọ́ fún un. Oṣù tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fi àwọn tó ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí síwájú, títí kan àwọn ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ.