Ìwé Pólì Tó Wà Nínú Àpótí
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ sọ ní Ìwó)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Èmi kì í ṣe olùkọ́ kọ̀ǹpútà o. Bàbá tó ṣe àṣìṣe ni mí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti dúró níwájú yín.

Ọmọkùnrin mi ṣe JAMB, kò rí yunifásítì wọ̀, ṣùgbọ́n pólì gbà á láti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í sínú àpótí. Mo ní ọmọ tèmi kò ní lọ sí pólì kí ará ìlú máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń tún JAMB ṣe. Ní ọdún kẹta ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé èmi lẹ fẹ́ rán lọ sílé-ìwé ni, àbí orúkọ yín?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Níbí ní Ìwó, a ní Yunifásítì Bowen, tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ Baptist College àtijọ́, tó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 2001. A dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n yunifásítì aládàáni ni, owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Mo mọ ẹni tó ta oko kòkó bàbá rẹ̀ torí owó ilé-ìwé ọdún kan péré. Ẹ lọ ka Nehemáyà orí karùn-ún, ẹ óò rí i pé àwọn ènìyàn ti ń fi oko àti ọgbà àjàrà dúró fún gbèsè tipẹ́, àti pé Nehemáyà kò dákẹ́ sí i.

Bẹ́ẹ̀ pólì ìjọba kò jìnnà sí wa. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹdẹ láti 2014, ti ìpínlẹ̀ wa wà ní Ìrèé láti 1992, ti Ìbàdàn sì ti wà láti 1970. Ọdún méjì ni ND. Lẹ́yìn rẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, á wá padà fún HND, ọdún méjì mìíràn. Ẹni tí ND rẹ̀ dára tún lè gba Direct Entry wọ yunifásítì. Krẹ́díìtì nínú WAEC tàbí NECO ni wọ́n ń béèrè, ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 2025, 100 ni JAMB fi ṣe máàkì tó kéré jù fún pólì, 150 fún yunifásítì. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti owó, òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2024 kan pólì ìjọba pẹ̀lú. NELFUND ń san owó náà fún ilé-ìwé fúnra rẹ̀, kò sí èlé lórí rẹ̀, kò sì béèrè onídùúró. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC, tí ọmọ bá ti ríṣẹ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ilé-ìwé aládàáni kò sí nínú ètò yìí.

Mi ò ní tàn yín. Níbi iṣẹ́ ìjọba, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi HND sẹ́yìn BSc. Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin láti fòpin sí i ní 2021, síbẹ̀ ẹ̀tanú náà wà lọ́kàn àwọn agbanisíṣẹ́, ó sì wà nínú ìjọ. Ta là ń pè síwájú ká pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ ìdúpẹ́? Ọmọ tó wọ yunifásítì ni. Ọmọ pólì á jókòó sẹ́yìn. Bésálẹ́lì, tí Ọlọ́run fi Ẹ̀mí kún nínú Ẹ́ksódù, oníṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò sì tó. Mo ti rí ọmọ tó ń kọ program sórí bébà torí pé kò sí iná, kò sì ní kọ̀ǹpútà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè yege, kó má sì lè ṣe nǹkan kan níbi iṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ Ìsinmi àti níbi ìṣọ́ òru. Ẹ̀yin alàgbà, ṣé a kò lè tàn án ní ìrọ̀lẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, kí àwọn ọmọ wá fi kọ́ṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn, tọkùnrin tobìnrin? Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á di ọmọ yahoo, kó wá jókòó tì wọ́n. Owó epo oṣù àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi ti parí ND báyìí, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọdún kan náà ní ilé ìwòsàn kan, ó ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Ó ti dárí jì mí. Ọdún mẹ́ta yẹn kò padà.

Ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, kó yẹ ọjọ́ ara rẹ̀ wò lálẹ́ òní. Orí CAPS ti JAMB ni ọmọ ti gbọ́dọ̀ sọ pé òun gbà á, àyè náà kì í sì í dúró deni. Ẹ mú un wá lọ́jọ́rú. Màá wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti aago mẹ́rin.