Igi Ìpa ní Ilẹ̀ Irà

Bí irà bá wà nínú ilẹ̀ àgbẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn ni iná, àdá àti yanrìn. Yóò jó igbó etí odò, yóò sì da yanrìn lé irà lórí. Nígbà tí òjò bá dé, àgbàrá yóò gbá yanrìn náà lọ, etí odò yóò sì máa ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó ṣeni láàánú ni pé inú igbó tí ó jó náà ni igi tí ilẹ̀ ọ̀hún ń fẹ́ wà.

Ẹ̀yin olùwòran tí ẹ dàgbà ní etí odò mọ igi náà. Ìpa ni, àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Alchornea cordifolia. Láti Senegal títí dé Angola ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀, pàápàá ní àbàtà. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó rí bí ọkàn. Ẹ̀ka rẹ̀ a máa tẹ̀ wálẹ̀, a sì lọ́ mọ́ra wọn bí ọgbà. Omi kì í tètè pa á. Bí a bá gé e, yóò tún rúwé.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí àgbẹ̀ gé ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí ó nípọn tó àtàǹpàkò, ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kí ó ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni kí ó fi sáàárín wọn. Èso rẹ̀ náà ń hù, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Igi akọ sì yàtọ̀ sí abo: abo nìkan ni ó ń so, kóró pupa inú èso náà ni àwọn ẹyẹ sì ń wá jẹ.

Ewúrẹ́ ń jẹ ewé ìpa. Wọ́n tún ń fi ewé àti èso rẹ̀ rẹ ẹní àti àwọ̀n ìpẹja ní dúdú. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí IITA ní Ìbàdàn gbìn ín ní ẹsẹẹsẹ sáàárín ọ̀gbìn, wọ́n ń gé e, wọ́n sì ń tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè di ajílẹ̀.

Nígbà tí Odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, pàǹtírí àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi ni a dá lẹ́bi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpa kò lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n odò kékeré tí ó gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ kọjá, níbi tí olùkọ́ ti ń ní kí àwọn ọmọ ṣán igbó dé etí omi, kì í ṣe Ògùnpa. Gbòǹgbò ìpa tó o dì mú. Kí wọ́n fi ìlà méjì sílẹ̀ létí omi níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gé orí rẹ̀ fún ewúrẹ́.