Oronna Wọlẹ̀, Kò Padà Mọ́

[Ìlù gèlèdé wọlé, ó rọlẹ̀]

Bí wọ́n bá ń ṣọdún Oronna n'Ilaro, aṣọ tuntun àti ijó ni ojú ọ̀pọ̀ wa ń wò. Ìdí tí Oronna, jagunjagun ọ̀hún, kò fi padà wá mọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí àwọn àgbà ṣe ń pa ìtàn náà nìyí. Oronna ló ń gbèjà Ilaro lójú ogun. Nígbà tó ń lọ, kò kú bí èèyàn ṣe ń kú, ilẹ̀ ló wọ̀. Ó fi ẹ̀wọ̀n irin sílẹ̀, ó ní bí ogun bá ká wọn mọ́lé, kí wọ́n fà á, òun á jáde. Ọkàn ìlú balẹ̀. Àfi lọ́jọ́ tí àwọn kan ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kò sógun, kò sọ́tẹ̀, wọ́n fa ẹ̀wọ̀n.

[Ìlù sáré, ó dákẹ́]

Oronna yọ tòun ti idà. Ẹni tó bá rí, ọ̀tá ni. Ó ń ṣá wọn lọ, wọ́n ń ké pé, "Ọmọ Ilaro ni wá o!" Kó tó gbọ́, ó ti pa ará ilé rẹ̀. Ó wo òkú nílẹ̀, ó padà wọlẹ̀. Ó parí. (Ará Irè tó ń gbọ́ wa á ní ìtàn Ògún àwọn nìyí. Wọ́n jọra lóòótọ́.)

Ká ní òǹkọ̀wé fíìmù ayé òde òní ló ni Oronna, á jí i ní apá kejì, á fún un níyàwó ní apá kẹta! Ta ni ẹ̀rù máa bà bí ogun bá tún dé?

Ẹ wo Mọrèmi n'Ílé-Ifẹ̀. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló fi san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn. Àwọn kan tiẹ̀ ní ọmọ náà jí, ó ta okùn gòkè ọ̀run. Ṣùgbọ́n kò padà wá jẹun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Torí ẹ̀ ni gbogbo Ifẹ̀ fi ní àwọn á máa ṣọmọ Mọrèmi títí láé. Bí Olúorogbo bá wọlé dé lálẹ́ ọjọ́ kejì, gbèsè wo ni Ifẹ̀ ń jẹ Mọrèmi?

Òyìnbó náà ti jí akọni ìtàn wọn rí. Ní 1893, òǹkọ̀wé Arthur Conan Doyle kọ ọ́ pé Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn rẹ̀, gbà láti kú kí ọ̀daràn Moriarty lè kúrò láyé, wọ́n sì jọ já sínú ọ̀gbun Reichenbach. Inú bí àwọn òǹkàwé, ọ̀pọ̀ ò ra ìwé ìròyìn Strand tó tẹ ìtàn náà mọ́. Ní 1903, ó gbé Holmes padà, ó ní kò tiẹ̀ jábọ́ rí. Owó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá ka ìtàn àkọ́kọ́, ẹkún kí ló fẹ́ sun?

Ẹ máa ní Saro inú fíìmù *Aníkúlápó* náà padà ní 2024. Saro ò kú fún ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí… ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń nàka sí mi, ìròyìn ló kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fíìmù Oronna, mo bẹ̀ yín, ẹ má fa ẹ̀wọ̀n yẹn lẹ́ẹ̀kejì.